Báwo ni mo ṣe lè mú àwọn ọ̀pẹ wọ inú eré Dungeons & Dragons kí ó má sì sú wọn?

Ìbéèrè láti ọwọ́ Ará Leeds

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ẹgbẹ́ wa. Ó ti lé ní ọdún mẹ́fà tí mo ti ń ṣe atọ́kùn eré yìí (eré orí tábìlì tí oníkálukú ti ń ṣe ẹ̀dá-ìtàn kan, tí atọ́kùn ń sọ ìtàn, tí dáìsì sì ń pinnu ohun tó ṣẹlẹ̀) fún àwọn ọ̀rẹ́ mi ní Leeds, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló ti mọ̀ ọ́n dunjú kí a tó pàdé, nítorí náà n kò ronú rí nípa bí a ṣe ń kọ́ ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ní Sátidé tó kọjá, mo pe àbúrò mi obìnrin, ọkọ rẹ̀, àti ọmọbìnrin kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́. Mo se ìrẹsì, mo tẹ́ máàpù sórí tábìlì, mo sì pín ìwé ẹ̀dá-ìtàn òfìfo fún wọn pé kí wọ́n kọ ọ́. Wákàtí méjì gbáko la fi kọ ìwé, ìtàn kò tíì bẹ̀rẹ̀. Àbúrò mi fẹ́ jẹ́ wizard, ìyẹn oṣó tó ń fi ọfọ̀ jà. Nígbà tí mo ní kí ó ṣa ọfọ̀ mẹ́fà nínú èyí tó tò lọ rẹrẹ, kí ó tún ṣa kéékèèké mẹ́ta mọ́ ọn, ó gbé bírò sílẹ̀, ó ní ṣé ìdánwò WAEC ni òun wá ṣe ni. Ọkọ rẹ̀ ti ń wo bọ́ọ̀lù lórí fóònù nígbà yẹn. Nígbà tí ìjà wá dé, ọmọbìnrin ibi iṣẹ́ mi ń bi mí lemọ́lemọ́ pé èwo nínú dáìsì náà ni kí òun jù, ojú sì ń tì í.

Àbúrò mi, tí ó wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, tún fà mí sí kọ̀rọ̀, ó bi mí bóyá ó dára kí òun máa pe ọfọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ eré. N kò fẹ́ fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, níbo ni mo ti ṣì í?

Atọ́kùn Àgbà

Ìwé òfìfo yẹn ni ẹ fi ṣì í. Àrùn yìí ti wà lára eré náà láti 1974 tí Gary Gygax àti Dave Arneson ti gbé e jáde, nítorí pé àwọn tó ti ń fi ọmọ ogun kéékèèké ta eré ogun ni wọ́n kọ òfin rẹ̀ fún; ìdí nìyẹn tí J. Eric Holmes fi ní láti tún un kọ fún àwọn ọ̀pẹ ní 1977, tí ìwé rẹ̀ kò sì mú agbára ẹ̀dá-ìtàn kọjá ìpele kẹta.

Ẹ̀dá-ìtàn tí a ti kọ tán ni kí ẹ gbé fún wọn. Márùn-ún ló wà nínú àpótí ìbẹ̀rẹ̀ tó jáde ní 2014, ojúlówó òfin náà sì ti wà lọ́fẹ̀ẹ́ lábẹ́ Creative Commons, ìyẹn àṣẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè lò ó, láti oṣù kìíní ọdún 2023, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ra ìwé. Ta ni nínú wa tó ka òfin kí ó tó mọ ayò ta? Ẹ̀gbẹ́ ọpọ́n la jókòó sí. Ẹ sọ fún wọn pé goblin kan, ìyẹn iwin kékeré oníwà ìkà, fò jáde láti inú igbó, ó di ìjánu ẹṣin wọn mú, kí ni wọ́n máa ṣe? Bí àna yín bá ní òun á fi idà ṣá a, ẹ fi dáìsì olójú ogún lé e lọ́wọ́. Ó ju 11. Ẹ ní kí ó ro 5 tó wà fún idà lórí ìwé ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀ mọ́ ọn, ó di 16. Ààbò goblin, ìyẹn nọ́ńbà tí a gbọ́dọ̀ dé kí idà tó wọlé, kò ju 15 lọ, idà ti wọlé nìyẹn. Òfin ìjà tó nílò lálẹ́ ọjọ́ náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀pẹ Èṣí

Èmi gan-an ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní èṣí ni, n kò sì rò pé òfin ló fẹ́ lé mi sá. Àwọn ọ̀ta tó yí tábìlì ká ni. Bí mo bá ti lanu, ẹnìkan á ti sọ ohun tó yẹ kí n ṣe, bí àwọn òǹwòran ayò tí kì í jẹ́ kí èèyàn ta tirẹ̀. Ẹ̀rù tún ń bà mí pé mo gbọ́dọ̀ yí ohùn padà bí òṣèré tíátà, títí atọ́kùn wa fi sọ pé kí n kàn wí pé, “Ó bẹ ẹ̀ṣọ́ pé kí ó ṣílẹ̀kùn,” ó sì tó.

Ìyá Ìbejì

Ní ti dáìsì, ẹ má dá ọmọbìnrin yẹn lẹ́bi. Olójú mẹ́jọ àti olójú mẹ́wàá jọra lójú ẹni tí kò mọ̀ wọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tí kò ríran dáadáa kò tilẹ̀ lè ka èyíkéyìí. Kútẹ́ẹ̀sì pupa ni mo fi kun igun olójú ogún tirẹ̀, mo ra èyí tó tóbi bí ọsàn wẹ́wẹ́ fún un lẹ́yìn náà, mo sì fi bírò ńlá kọ nǹkan mẹ́ta péré tí ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀ lè ṣe sórí páálí.

Ọ̀rọ̀ ọfọ̀ kì í ṣe ẹ̀fẹ̀. Ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1980 síwájú, ọ̀pọ̀ òbí ló gbà pé eré èṣù ni. Ẹ jẹ́ kí àbúrò yín jẹ́ jagunjagun, kí ẹ sì bi gbogbo wọn léèrè ṣáájú ohun tí wọn kò fẹ́ rí nínú ìtàn. Ẹ tún lè fi káàdì tí a kọ X sí sáàárín tábìlì, gẹ́gẹ́ bí John Stavropoulos ti dábàá. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, ẹ yí ìtàn kúrò níbẹ̀, ẹ má béèrè ìdí.

Alákọ̀wé Yaba

Ẹ dárí jì mí, ṣùgbọ́n kí ló dé tó jẹ́ Dungeons & Dragons dandan? Ojú ìwé kan ṣoṣo ni òfin Lasers & Feelings, eré mìíràn irú rẹ̀ tí John Harper kọ. Ẹ mú nọ́ńbà kan láti 2 sí 5. Iṣẹ́ ọgbọ́n orí, kí dáìsì kéré sí i. Iṣẹ́ ọkàn, kí ó ju ú lọ. Dáìsì lúdò lásán ni.

Atọ́kùn Àgbà

Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò sí ìtàn tí a ti kọ sílẹ̀ fún atọ́kùn níbẹ̀. Òun ni yóò hun gbogbo rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ará Leeds

Ẹ ṣeun gan-an ni. Àbúrò mi ti gbà láti jẹ́ jagunjagun, ọkọ rẹ̀ ní òun á wá bí kò bá sí bọ́ọ̀lù. Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀wọ́, níbo lẹ ti ra dáìsì ńlá yẹn?