Ta ló ń jẹ yúníìtì iná wa?

Ọmọ Gáà-Akanbí: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Ìlọrin. Láti ìgbà tí wọ́n ti kó àdúgbò wa sí Band A, ìpele àwọn tó ń rí iná jù, tí owó wọn sì wọ́n jù, yúníìtì ₦5,000 tó ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kì í ju ọjọ́ mẹ́rin lọ mọ́. Ẹrù ilé: fìríìsà kan, fáànù méjì, tẹlifíṣọ̀n, gílóòbù LED mẹ́fà. Ṣé mítà ló ń sáré ni, àbí àwa la ń lò ó nílòkulò? Báwo lèèyàn ṣe lè mọ̀?

Wáyámáànù Tánkẹ̀: Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ ná ká tó bú mítà. Oṣù kẹrin 2024 ni NERC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó owó iná, gbé yúníìtì kan fún Band A láti ₦68 lọ sí ₦225. Ó wálẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà, ó wá di ₦209.50 ní oṣù keje. Ẹ yọ VAT 7.5% kúrò nínú ₦5,000, ó ku nǹkan bíi ₦4,651. Ní ₦68, yúníìtì 68 nìyẹn. Ní ₦209.50, 22 péré ni. Owó kan náà o!

Èyí tí àwọn èèyàn kì í rò mọ́ ọn rèé: Band A, iná wákàtí 20 lójúmọ́ ló kéré tán. Fìríìsà tó ń rí iná wákàtí méje tẹ́lẹ̀ ti wá ń rí ogún. Yúníìtì márùn-ún ààbọ̀ lójúmọ́ kò burú jù fún ẹrù tẹ́ ẹ kà yẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Iná pupa kékeré kan wà lójú mítà tó máa ń ṣẹ́jú. Wọ́n kọ 1000 imp/kWh tàbí 1600 sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀: iye ìgbà tó máa ṣẹ́jú fún yúníìtì kan nìyẹn. Tó bá jẹ́ 1000, tó bá ti ṣẹ́jú nígbà 1000, yúníìtì kan ti lọ. Ẹ pa gbogbo nǹkan, ẹ tan áyọ́ọ̀nù 1200W nìkan: bí ogún ìgbà ni yóò ṣẹ́jú ní mínìtì kan. Tó bá fi púpọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìgbà yẹn lẹ tó lè sọ pé mítà ń sáré. Lẹ́yìn náà, ẹ pa bírékà àgbà. Iná pupa gbọ́dọ̀ dákẹ́.

Bó bá jẹ́ orí òpó ni mítà yín wà, ẹ má gùn ún o. Ẹ kọ iye yúníìtì tó kù sílẹ̀ lálẹ́, ẹ pa bírékà àgbà sùn, kí ẹ tún kà á láàárọ̀.

Ìyá Ìbejì Ọ̀ffà: Wáyámáànù ẹ ṣeun, àmọ́ ẹ ò tíì dé ọ̀dọ̀ ọ̀daràn gan-an. Rọ́bà ẹnu fìríìsà ni! Ẹ fi bébà há a, ẹ pa á dé, ẹ fà á. Tó bá yọ wọ́ọ́rọ́ láìjà, atẹ́gùn ń wọlé níbẹ̀. Fìríìsà 180W tí rọ́bà ẹ̀ dára máa ń sinmi bí ìdajì àkókò. Èyí tí kì í sinmi á jẹ ju yúníìtì mẹ́ta ààbọ̀ lọ ní wákàtí ogún. Ẹ fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ nu rọ́bà náà. Bó bá ti ya, pípààrọ̀ ló kù. Ẹ gbọn eruku ọyẹ́ kúrò lẹ́yìn ẹ̀, kó jìnnà sí ògiri díẹ̀. Ọbẹ̀ gbígbóná, ẹ jẹ́ kó tutù kó tó wọlé.

Ọmọ Gáà-Akanbí: Bébà ò yọ. Áyọ́ọ̀nù, 20 géérégé. Ṣùgbọ́n bírékà àgbà ti wálẹ̀ o, iná pupa ṣì ń ṣẹ́jú, ẹ̀ẹ̀kan ní mínìtì kan. 1000 ni wọ́n kọ síbẹ̀.

Wáyámáànù Tánkẹ̀: Háà. Ọgọ́ta ìgbà ní wákàtí kan nìyẹn, 60W. Fáànù ẹlòmíràn lẹ ń bá a yí! Ní wákàtí ogún, yúníìtì 1.2 ni, bíi ₦270 lójúmọ́ ní ₦209.50 pẹ̀lú VAT. Ó jọ pé ẹnìkan ti so wáyà mọ́ tiyín láàárín mítà àti bírékà. Ẹ má fọwọ́ gé e: bírékà kò pa ibẹ̀ o, iná wà lára wáyà yẹn. Ẹ má sì já síìlì mítà, torí ẹ̀yin ni ilé-iṣẹ́ iná máa sọ pé ẹ ń jí iná. Ẹ fi fóònù ya fídíò bírékà tó wálẹ̀ àti iná pupa tó ń ṣẹ́jú pọ̀, kí ẹ kọ ìwé ẹ̀sùn lọ sí ọ́fíìsì wọn, kí ẹ gba ẹ̀dà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí.

Ìyá Ìbejì Ọ̀ffà: Ẹ kọ́kọ́ wo fáànù ta ló dúró nígbà tí yúníìtì yín bá tán.