Ẹ jọ̀ọ́, ṣé fóòmù fíltà àtijọ́ tó láti fi bẹ̀rẹ̀ táǹkì ẹja tuntun?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Òṣogbo ni mo wà, mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ táǹkì ẹja onígíláàsì, lítà 60, ọ̀rẹ́ mi kan l'Òkè-Fìà tó ti ń sin ẹja ọ̀ṣọ́ tipẹ́ wá ní òun máa fún mi ní fóòmù inú fíltà (ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi táǹkì) òun, torí àwọn bakitéríà tó ń sọ amóníà (májèlé tó ń ti ara ìgbẹ́ ẹja wá) di nitrite (májèlé lòun náà) tó tún ń sọ ọ́ di nitrate (tí ò fi bẹ́ẹ̀ léwu) ti wà lára ẹ̀. Mo mọ̀ pé mi ò gbọdọ̀ jẹ́ kó gbẹ, inú omi táǹkì tiẹ̀ ni màá fi gbé e wálé, mi ò sì ní fi omi ẹ̀rọ tó ní kilorín fọ̀ ọ́. Ṣé mo lè kó ẹja díẹ̀ sí i lọ́jọ́ náà, àbí kí n kọ́kọ́ máa yẹ amóníà wò ná? Iná ló tún ń dẹ́rù bà mí gan-an, tí wọ́n bá mú un lọ láti alẹ́ di àárọ̀, tí fíltà ò ṣiṣẹ́, ṣé àwọn bakitéríà yẹn ò ní kú? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti ṣe é rí kó bá mi dá sí i, mi ò fẹ́ kí ẹja kankan kú mọ́ mi lọ́wọ́.