Ẹ gbà wá nímọ̀ràn: ₦100,000 owó ọlọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ fún alátà

Ìyá Ìbejì: Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin ará. Àbúrò mi ń ta ata àti tòmátì ní Bódìjà. Ilé-iṣẹ́ ayánilówó kan fẹ́ yá a ní ₦100,000, kó máa san ₦5,000 lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 24. Ó fẹ́ fi ₦40,000 san owó ilé-ìwé ọmọ, kó fi ìyókù rajà. Ṣé kó gbà á?

Alájọ: Iye tó máa wọ ọwọ́ ẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n. Bí wọ́n bá yọ ₦10,000 ìfowópamọ́ tipátipá àti ₦2,500 owó fọ́ọ̀mù, ₦87,500 ló máa gbà, ₦120,000 ló máa san. Tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ 12, ó ti dá ₦60,000 padà. ₦27,500 péré nínú owó wọn ló ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀, àmọ́ orí ₦100,000 ni wọ́n ṣì ń gba èlé. Èlé ₦20,000 lórí ₦100,000, tí wọ́n ń pè ní 20%, ju bí wọ́n ṣe ń pè é lọ dáadáa.

Ọmọ Ọlọ́jà: Ẹ má dẹ́rù bà á jàre. Owó yìí ló ń sọ tálákà di olówó.

Ìyá Alátà: Rárá o. Ìwádìí orílẹ̀-èdè mẹ́fà lórí irú owó yíyá kékeré báyìí, tó jáde lọ́dún 2015, tí Íńdíà àti Mexico wà nínú ẹ̀, fi hàn pé owó tó ń wọlé fún ìdílé kì í sábà yí padà gidi. Ẹ wo ti alátà yìí. Tó bá yọ owó ilé-ìwé, ₦47,500 ló kù fún ọjà. Ká ní ó rajà lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, tó sì ń jèrè ₦3,000 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. ₦6,000 nìyẹn. Tí wọ́n bá gba ₦5,000, ₦1,000 ni gbogbo ilé máa fi jẹun. Kí apẹ̀rẹ̀ tòmátì kan ṣáà jẹrà, ọ̀sẹ̀ yẹn ti dàrú. Ara ọbẹ̀ ọmọ ló ti máa yọ ọ́.

Bàbá Kọ́ópù: Ẹ tún wo ẹgbẹ́ ayáwó tó fẹ́ wọ̀. Gbómúlélàńtà ni: onídùúró ara wọn ni gbogbo wọn. Bí ẹnì kan bá sá, àwọn tó kù ló máa dá a, wọn ò sì ní tú ìpàdé ká títí owó á fi pé. Ẹni tó ń yá owó ibòmíràn san tibí, kó má bá a ṣẹgbẹ́.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣé gan-an. Owó ilé-ìwé wá ńkọ́?

Alájọ: Kó bẹ ọ̀gá ilé-ìwé kó pín in sí mẹ́ta. Ti sáà tó ń bọ̀, kó dá àjọ ₦500 lójúmọ́: láàárín ọjọ́ 90, tí alájọ bá yọ ọjọ́ kan lóṣù, ₦43,500 ló máa kó. Tó bá ṣì fẹ́ yáwó lẹ́yìn ìyẹn, ₦50,000 ni kó gbà, kó fi gbogbo ẹ̀ rajà.