Ògiri yàrá tánkì ẹja: táìlì ni àbí PVC?

Ẹ ǹ lẹ́ o ẹ̀yin ará. Tánkì ẹja mẹ́ta ni mo ní nínú yàrá kékeré kan n'Íbàdàn níbí, èyí tó tóbi jù ń gba 400 lítà, wíńdò kan péré ló sì wà níbẹ̀. POP ara ògiri ti ń wú, ọ̀dà ń bó, ẹ̀yìn tánkì ti bu bíi búrẹ́dì ọjọ́ karùn-ún. Bíríkìlà ní táìlì, káfíńtà ní PVC (pátákó oníke tí wọ́n ń kàn mọ́ ògiri), èwo ni kí n gbọ́?

— Ọ̀gá mi, POP kọ́ ló yẹ ibẹ̀ rárá, ńṣe ló ń fa omi mu. Ẹ há gbogbo ẹ̀ kúrò dé ara sìmẹ́ǹtì, kó gbẹ dáadáa kẹ́ ẹ tó lẹ táìlì. Tèmi ò dé òkè o, àyà ni mo lẹ ẹ́ dé, mo fi ọ̀dà gúlóòsì kun ìyókù, ráàgì lásán ni mo fi ń nù ún.

— PVC fúnra ẹ̀ kì í jẹrà, ẹ̀yìn ẹ̀ lẹjọ́ wà. Pákó ni wọ́n kàn mọ́ ògiri tèmi, ìgbà tí mo ṣí ọ̀kan, háà, aáyán àti èébu! Tẹ́ ẹ bá máa lò ó, ẹ ní kí káfíńtà lo irin alumíníọ̀mù dípò pákó.

— Ẹ fi gíláàsì bo orí tánkì, kẹ́ ẹ ra fáànù tó ń fa ooru omi síta, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ̀ ń fowó ṣòfò ni. Wáyà iná náà, ẹ jẹ́ kó rọ̀ wálẹ̀ ju sọ́kẹ́ẹ̀tì lọ kí omi má bàa tọ̀ ọ́ wọlé.

Ẹ ṣé gan-an o. Fáànù ni màá kọ́kọ́ rà.