Àwòṣe ohun rírọ̀ lórí kọ̀ǹpútà: ṣé ó lè ṣàlàyé ìdí tí ẹ̀kọ àdìrẹ fi ń sán?

Ọmọ Ìtòkú:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin onímọ̀. Mo fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́ oyè kejì lábẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ ẹ̀rọ kan tí ìwádìí rẹ̀ dá lórí fífi kọ̀ǹpútà ṣe àwòṣe ohun rírọ̀, bíi rọ́bà, fómù àti sítáàṣì tó ti dì. Ìdílé aláró ni wọ́n ti tọ́ mi ní Abẹ́òkúta níbí. Bí ẹ̀kọ láfún tí a fi páànù tẹ̀ sára aṣọ bá ki jù, á sán kí aṣọ tó dé inú aró. Bó bá sì ṣàn jù, á tàn kọjá ojú ọnà. Kí ni kọ̀ǹpútà ń ṣírò gan-an nínú irú nǹkan bẹ́ẹ̀?

Onímọ̀-ẹ̀rọ:
Agbára tí átọ̀mù kọ̀ọ̀kan fi ń fa èkejì tàbí tì í ni ó ń ṣírò, yóò sì fi òfin Newton sún gbogbo wọn síwájú díẹ̀díẹ̀. Ní 1964, onímọ̀ físíìsì Aneesur Rahman ṣe é fún átọ̀mù argon 864 tó wà ní ipò olómi. Ohun rírọ̀ ló wá le jù, nítorí ìgbésẹ̀ kan kì í sábà ju femtosecond kan tàbí méjì lọ, bẹ́ẹ̀ mílíọ̀nù lọ́nà bílíọ̀nù femtosecond ló wà nínú ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo, ẹ̀wọ̀n mólékù gígùn kì í sì í tètè yí ipò padà. Ìdí nìyí tí a fi ń pa átọ̀mù pọ̀ di ìlẹ̀kẹ̀: nínú àwòṣe Martini, nǹkan bíi átọ̀mù mẹ́rin, láìka haidirójìn, ló ń di ẹyọ kan. Kurt Kremer àti Gary Grest tiẹ̀ lọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ ní 1990. Ìlẹ̀kẹ̀ tí a fi sípíríǹgì so pọ̀ nìkan ni wọ́n lò, síbẹ̀ àbájáde wọn ti èrò tí onímọ̀ físíìsì Pierre-Gilles de Gennes gbé kalẹ̀ ní 1971 lẹ́yìn, pé ẹ̀wọ̀n tó há sáàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa wọ́ lọ bí ejò. Lójú tèmi, mímọ ohun tí a lè yọ kúrò láìba òtítọ́ jẹ́ ni ọgbọ́n iṣẹ́ yìí.

Akẹ́kọ̀ọ́ Sítáàṣì:
Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìlẹ̀kẹ̀ nìkan kò lè dé ìdí sísán. Bí omi ṣe ń kúrò lára ẹ̀kọ ni ẹ̀kọ ń súnkì, aṣọ tó lẹ̀ mọ́ kò sì súnkì tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà ìfà á máa pọ̀ nínú ẹ̀kọ títí yóò fi ya. Ọ̀nà finite element ló yẹ èyí: a ó pín ẹ̀kọ àti aṣọ sí ègé wẹ́wẹ́, a ó sì fi bí ẹ̀kọ ṣe le tó àti bó ṣe ń yára gbẹ sínú ìṣirò. Wíwọ̀n ni a máa ń wọ̀n àwọn iye wọ̀nyí. Mi ò gbà pé kọ̀ǹpútà lè gba ipò yàrá ìwádìí. Ìlẹ̀kẹ̀ wúlò fún kíki àti ṣíṣàn, nítorí irú ẹ̀wọ̀n mólékù méjì ló wà nínú sítáàṣì: amylose tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní ẹ̀ka, àti amylopectin tó ní ẹ̀ka púpọ̀.

Ọmọ Ìtòkú:
Ẹ ṣeun gan-an. Ibi tí ẹ̀kọ bá ti nípọn ló máa ń kọ́kọ́ sán lóòótọ́. Ṣé mo lè bẹ̀rẹ̀ láìní kọ̀ǹpútà ńlá?

Onímọ̀-ẹ̀rọ:
Bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀fẹ́ ni LAMMPS àti GROMACS, àwọn ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe irú ìṣirò yìí, kọ̀ǹpútà alágbèéká sì lè gbé ìlẹ̀kẹ̀ ẹgbẹ̀rún mélòó kan. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọ̀jọ̀gbọ́n náà bóyá átọ̀mù, ìlẹ̀kẹ̀ tàbí finite element ló ń lò, kí ẹ tó yan àkòrí.