Ìmọ̀ràn lórí bí mo ṣe lè fi ẹja Fontitrygon margarita wé ewéko Funaria hygrometrica

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi. Mo fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní girama fi ẹ̀dá méjì tí ó jìnnà síra wéra: Fontitrygon margarita, ẹja pẹlẹbẹ onírù ẹlẹ́gùn-ún inú òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àti Funaria hygrometrica, ewéko wínníwínní tí ó máa ń hù lórí ilẹ̀ tí iná ti jó.

Ìyàtọ̀ wọn kò ṣòro: ẹja ń wá oúnjẹ kiri, ewéko ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe tirẹ̀. Ìjọra wọn ni ó wù mí jù. Àtọ̀ àwọn méjèèjì ní láti lúwẹ̀ẹ́ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ẹyin, débi pé ewéko náà kò lè bímọ bí òjò tàbí ìrì kò bá rin ín. Lẹ́yìn náà, ìyá ni ó ń bọ́ ọmọ: ẹja ń sun omi tí ó dà bíi wàrà fún ọmọ nínú ilé-ọmọ, nígbà tí ọmọ ewéko náà, ìyẹn ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó gbé àpò spore (hóró wínníwínní tí ewéko náà fi ń tàn kálẹ̀), rọ̀ mọ́ ìyá rẹ̀ lórí.

Ẹ jọ̀wọ́, ṣé kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ìjọra yìí, àbí àwọn ọmọ yóò rò pé ìbátan tímọ́tímọ́ ni wọ́n? Báwo ni ẹ ṣe ń ṣàlàyé pé ìdì krómósómù (okùn tín-ín-rín inú sẹ́ẹ̀lì tí ó gbé àbùdá) kan ṣoṣo ni ó wà nínú ara ewéko náà tí ó ní ewé, yàtọ̀ sí ọ̀pá orí rẹ̀, tí ti ẹja sì jẹ́ méjì, láìjẹ́ pé ó dojú rú mọ́ wọn lọ́wọ́?