Ìdáhùn lórí “àṣẹ-àkọ́lé”: ilé là ń wò ká tó sọ ọmọ lórúkọ

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìjíròrò, ẹ sì kú ìfaradà ara wa.

Láti ìgbà tí àbúrò wa tó ń túmọ̀ fọ́ọ̀mù ọ́fíìsì ìlú kan ní Amẹ́ríkà ti béèrè orúkọ tí a ó pe ìwé tí ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé ń gbà kó tó gbẹ́ ìpìlẹ̀ (building permit), ni mo ti ń kà á tí mi ò fọhùn. Mo ní kí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wa ṣíwájú. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n wa ti wá dá “àṣẹ-àkọ́lé” sílẹ̀ báyìí, àwọn kan ti ń pàtẹ́wọ́, ẹnìkan tilẹ̀ ti ní kí a tètè kọ ọ́ sínú àkójọ ọ̀rọ̀ wa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá ọwọ́ dúró ná.

Àlàyé ẹ̀gbọ́n ni pé “ìwé àṣẹ ìkọ́lé” ti gùn jù, pé èdè tó bá fẹ́ bá ayé rìn gbọ́dọ̀ ní ọ̀rọ̀ ṣókí, àti pé “àkọ́lé” yóò dúró fún ohunkóhun tí èèyàn bá kọ́, ìbáà ṣe ilé gbígbé, ìbáà ṣe ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n tún rán wa létí pé àwọn ti kọ́ni ní gírámà fún ọ̀pọ̀ ọdún. A kò jiyàn. Ọlọ́run á jẹ́ kó pẹ́ lórí yín. Ṣùgbọ́n gírámà náà gan-an ni mo fẹ́ bi yín.

“Àkọ́”, ẹ̀gbọ́n. Etí Yorùbá kì í gbọ́ “àkọ́” kó kọ́kọ́ ronú kan bíríkì. Àkọ́bí, àkọ́so, àkọ́dá, àkọ́rọ̀ òjò: ohun tó ṣíwájú ni gbogbo wọn. Ẹ lọ sọ fún ìyá àgbà kan pé ẹ fẹ́ lọ gba àṣẹ àkọ́lé, yóò ní ilé àkọ́kọ́ tí ẹ máa kọ́ nìyẹn, yóò sì ṣàdúrà pé kí èkejì tètè tẹ̀ lé e. Ẹ ó ní “kọ́” ti kíkọ́lé ni tiyín. Ó dáa. Kí wá ni iṣẹ́ à- níwájú rẹ̀? À- fẹ́ràn kó so ìṣe méjì pọ̀: àmúlò, àgbéyẹ̀wò, àtúnṣe, àjọṣe. Bí ẹ bá sọ pé “àkọ́tà”, mo gbọ́: wọ́n kọ́ ọ kí wọ́n lè tà á ni. “Àkọ́gbé” náà, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n kí à- dá gbé kọ́ pẹ̀lú ilé lórí, kó ní ohun tí a kọ́ lòun ń sọ, kò tíì yé mi. (Mo mọ̀ pé ẹnìkan ti ń fa “àwòrán”, tí òun náà ní à- níwájú ìṣe kan ṣoṣo, yọ lápò láti fi dá mi lóhùn. Kó mú un bọ̀. Mo ní ohun tí mo fẹ́ sọ nípa “àwòrán” náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe lónìí.)

Ká tiẹ̀ ní a gbà. Ta ló máa fi àmì sí i? Fọ́ọ̀mù tí kọ̀ǹpútà ìjọba tẹ̀ jáde ni, a sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi àmì ohùn wa ṣòfò. “Akole” tí kò lámì, “àkọlé” ti gba ibẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹni tó bá rí “ase akole” lókè ìwé yóò rò pé wọ́n ní kí òun fún fọ́ọ̀mù náà ní àkọlé ni. “Ase” pàápàá, àṣẹ ni àbí àsè? Àbí asẹ́?

Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀, nítorí kì í ṣe ohùn ló bí mi nínú jù. Ilé là ń wò ká tó sọ ọmọ lórúkọ, kò sì jọ pé a wo ilé yìí. Mo fi apá kan ayé mi jókòó sídìí tábìlì ìyàwòrán ilé, ṣáájú kí kọ̀ǹpútà tó gba pẹ́ńsù lọ́wọ́ wa, mo sì mọ ohun tí ìwé yìí ń ṣe. Ẹ wo ìwé òfin tí ọ̀pọ̀ ìlú ní Amẹ́ríkà gbé tiwọn kà, èyí tí wọ́n ń pè ní International Building Code, tí ẹ̀dà rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 2000. Ó ní èèyàn gbọ́dọ̀ gba ìwé kó tó kọ́ ilé, kó tó fẹ ilé lójú, kó tó pààrọ̀ nǹkan lára rẹ̀, kó tó ṣí i nípò, kó tó wó o, àti kó tó yí ìlò rẹ̀ padà. Ẹ gbọ́ èyí tó kẹ́yìn yẹn dáadáa. Ẹni tó fẹ́ sọ pálọ̀ rẹ̀ di ṣọ́ọ̀bù, bí kò tilẹ̀ fọwọ́ kan ògiri kankan, yóò gba ìwé. Ẹni tó fẹ́ wó ilé, yóò gba ìwé. Níbo ni “kọ́” wà nínú ìyẹn? Ṣé “àṣẹ-àkọ́lé” ni wọn ó fún ẹni tó fẹ́ wó tiẹ̀ palẹ̀?

Òdìkejì rẹ̀ náà wà. Ìwé òfin kan náà ní kí ẹni tó ń kun ilé tàbí tó ń tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì máa bá tiẹ̀ lọ, kò nílò ìwé. Nínú àwọn ẹ̀dà tó jáde lẹ́nu ọdún àìpẹ́ yìí, fẹ́ǹsì tí kò bá ga ju ẹsẹ̀ bàtà 7 lọ kò nílò rẹ̀. Ẹ jẹ́rìí mi: a kọ́ fẹ́ǹsì, kò gba ìwé, a kò kọ́ ṣọ́ọ̀bù inú pálọ̀, ó gba ìwé. “Kọ́”, mọ́fíìmù (ègé ọ̀rọ̀ tó ní ìtumọ̀) tí ẹ̀gbọ́n gbé gbogbo ẹrù lé lórí, kò rí ẹrù náà gbé.

Mo ti ń gbọ́ ẹni tó fẹ́ ní “ìwé àṣẹ ìkọ́lé” náà ní “kọ́” nínú. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ìrù lásán ni níbẹ̀, a lè gé e ká so òmíràn mọ́ ọn. Ìwé àṣẹ ìkọ́lé fún ẹni tó ń kọ́, ìwé àṣẹ àtúnṣe ilé fún ẹni tó ń tún un ṣe, ìwé àṣẹ ìyípadà ìlò ilé fún ọlọ́ṣọ́ọ̀bù inú pálọ̀ wa. Ti wíwó nìkan ni kí ẹ ṣọ́ra fún: bí ẹ bá kọ “ìwólé”, kò ní pẹ́ di “ìwọlé”, ìwé àṣẹ ìwọlé sì nìyẹn, ó di ti ẹni tó fẹ́ wọ orílẹ̀-èdè. Ẹ kọ “wíwó ilé” gbọọrọ, kò sẹ́ni tí yóò pa yín.

Ó ku ti ìyá wa, olùkọ́ àgbà, tí wọ́n ní “àṣẹ” fúnra rẹ̀ ti tóbi jù, pé ọba ló ń pàṣẹ, pé “ìyọ̀ǹda” ló yẹ ká lò. Ẹ ṣeun, mà. Ìyọ̀ǹda dára, ó rọ̀ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n “gbà” ló ń ṣiṣẹ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó pàṣẹ àti ẹni tó gba àṣẹ kì í ṣe ọ̀kan náà, kò sì sí ẹni tó gbọ́ pé mo gba àṣẹ tí yóò rò pé mo ti di ọba. Yàtọ̀ sí èyí, àṣẹ ń bẹ nínú ìwé náà lóòótọ́. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i: lẹ́yìn iná ńlá tó jó London ní 1666, òfin tí wọ́n ṣe ní 1667 ní bíríkì tàbí òkúta ni kí wọ́n fi mọ ògiri ìta ilé tuntun. Ta ló yọ̀ǹda níbẹ̀? Wọ́n pa á láṣẹ ni. Títí dòní, ẹni tó gba ìwé gba òfin pọ̀ mọ́ ọn, ìwé náà sì máa ń kú. Nínú ìwé òfin tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, bí 180 ọjọ́ bá kọjá tí o kò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tàbí tí o pa iṣẹ́ tì tó bẹ́ẹ̀, ìwé ti bàjẹ́ nìyẹn, àfi kí o tètè lọ bẹ̀bẹ̀ fún àfikún ọjọ́.

Wàyí o, èyí tí ó yẹ kí a ti máa jà lé lórí láti ọjọ́ kìn-ín-ní nìyí, kò sì sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Fọ́ọ̀mù náà pín sí méjì. Ẹ̀gbọ́n túmọ̀ ìpín kan sí “ilé gbígbé”, èkejì sí “ilé ìṣòwò”, gbogbo wa sì kọjá lórí rẹ̀ bí ẹni tí kò rí nǹkan. Ó dùn létí, ṣùgbọ́n ẹ lọ bi òṣìṣẹ́ tó jókòó lẹ́yìn káńtà. Ní àwọn ìlú tí mo ń sọ yìí, ìwé òfin kékeré kan wà fún ilé tí ìdílé kan tàbí méjì ń gbé, àti fún àwọn ilé tó fara kọ́ra tí kò ju àjà mẹ́ta lọ, tí oníkálukú ní ẹnu ọ̀nà tirẹ̀. Gbogbo ohun tó kù, ìwé òfin ńlá tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ló ni ín. Ẹ kọ́ ilé olókè kan tí ìdílé mẹ́fà máa gbé. Wọ́n ń sùn níbẹ̀, wọ́n ń bímọ níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ta abẹ́rẹ́ níbẹ̀. Síbẹ̀, lábẹ́ ìwé ńlá ló bọ́ sí, fọ́ọ̀mù kejì, tí ẹ̀gbọ́n pè ní “ìṣòwò”, ni wọ́n sì sábà máa ń nà sí onílé. Ibẹ̀ náà ni ilé ìwé àti ilé ìwòsàn wà. Ṣọ́ọ̀ṣì náà wà níbẹ̀. Ṣé òwò ni wọ́n ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì? (Mo mọ ohun tó wà lẹ́nu àwọn kan. Ẹ gbé e mì.)

Ẹ wo ọkùnrin tó fẹ́ kọ́ ilé ìdílé mẹ́fà yẹn. Ó ka Yorùbá wa, ó rí “ilé gbígbé”, ó ní tòun nìyí, ó fọwọ́ sí i, ó so àwòrán mọ́ ọn: ti ilẹ̀ pẹ̀lú ààlà, ti ìpìlẹ̀, ti yàrá, ti ojú ilé. Wọ́n dá a padà. Wọ́n ní níbo ni òǹtẹ̀ ẹnjiníà wà, níbo ni ọ̀nà àsálà wà bí iná bá ṣẹ́ yọ, kí ló dé tó fi fọ́ọ̀mù onílé kékeré wá. Ọ̀rọ̀ tí a dá nílé ló na owó ọkùnrin náà. Mo fẹ́ kí a kọ “ilé ìdílé kan tàbí méjì” sórí èkíní, ká sì kọ “ilé ọlọ́pọ̀ èèyàn àti ilé ìlò mìíràn” sórí èkejì. Ó gùn. Ẹ má wulẹ̀ sọ ọ́, mo mọ̀ pé ó gùn.

Bàbá tó kọ́ mi níṣẹ́ ìyàwòrán kò dá ọ̀rọ̀ kankan sílẹ̀ títí wọ́n fi lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí ohun tó wà nínú iṣẹ́ náà tí wọn kò lè sọ. Bí wọ́n bá kó àwòrán lọ sí ọ́fíìsì, “pílánì ti wọlé.” Bí wọ́n bá buwọ́ lù ú, “pílánì ti jáde.” Wọn a tẹ́ pépà sílẹ̀, wọn a fi ìka lé ilà gégèègé tó yí ilẹ̀ ká, wọn a ní, “Kí lò ń pe èyí?” Bí o bá fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn, wọn ò ní bá ọ wí. Wọn a kàn fi ìka náà síbẹ̀ títí o fi rí Yorùbá rẹ̀ sọ. Ààlà ni.

Ọpẹ́lọpẹ́ ìka náà ni mo fi dá “ìfàsẹ́yìn” mọ̀ nínú àkójọ ẹ̀gbọ́n. Wọ́n fi túmọ̀ àyè tí òfin ní kí ilé fi jìnnà sí ààlà. Ẹ̀gbọ́n, ìfàsẹ́yìn ni ti ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ń jó rẹ̀yìn. Bí ẹ bá kọ ọ́ sí fọ́ọ̀mù pé “ìfàsẹ́yìn: ẹsẹ̀ bàtà mélòó?”, ẹni tó ń kọ̀wé béèrè yóò kọ́kọ́ ní “Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́”. “Ìwé ìgbélé” tí wọ́n pe èyí tí ọ́fíìsì ń fúnni lẹ́yìn àyẹ̀wò ìkẹyìn, pé ilé ti yẹ fún lílò, kò sàn jù bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn kónílé-ó-gbélé, ta ló fẹ́ gba irú ìwé bẹ́ẹ̀? “Ìwé ilé-yẹ-fún-lílò” ni mo fara mọ́ ní tèmi.

Ti “wolé-wolé” fún ẹni tó ń wá wo ilé bí iṣẹ́ ti ń lọ, mo gbè sẹ́yìn ẹ̀gbọ́n níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyá wa ní ti àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó ni, pé kí a pè é ní “ayẹ̀léwò”. Ó ń wá wo irin nínú ìpìlẹ̀ kí wọ́n tó da kọnkéré, ó ń wá wo inú ògiri kí wọ́n tó bò ó mọ́lẹ̀, wíwò náà sì ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ní kí àbúrò wa fi àmì sí i dandan. Bí ohùn “wo” bá lọ sókè pẹ́rẹ́, wólé-wólé ti dé nìyẹn, òun àti katakata rẹ̀. Ìyá wa lè má gbà. A ó tún máa fà á.

Àbúrò, kọ “ìwé àṣẹ ìkọ́lé” sórí fọ́ọ̀mù rẹ, kí o sì tún ìpín méjèèjì ṣe kó tó di ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n ní kí o fi ránṣẹ́. Àyè tó wà láàárín ilé àti ààlà, “àyè ẹ̀bá ààlà” ni mo rò, ṣùgbọ́n kò tíì tẹ́ mi lọ́rùn, nítorí ó dà bíi pé ọ̀dọ̀ aládùúgbò ló wà. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù kó mú un wá, kó kàn má ki dáàṣì bọ̀ ọ́ láàárín.